Ọ̀pẹ̀ òyìnbó inú ọtí mi ń hó: ṣé kí n dà á nù?

Ìbéèrè kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí láti Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Obìnrin tó kọ ọ́ ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ìyá mi pé 70 ọdún, mo sì fẹ́ fi ọtí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe gba àlejò. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti kórè gbogbo ohun tí mo lò: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, efinrin, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ra ògógóró kẹ́ẹ̀gì kan lọ́jà, mo rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo bó tó kílò méjì, mo da ògógóró ìwọ̀n ìgò 75cl kan lé e, mo fi ife ṣúgà kan sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìdérí rẹ̀ sì ta bí mo ṣe fẹ́ ṣí i. Efinrin ti dúdú. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ korò bí ewúro. Ti atalẹ̀ nìkan ló dùn, òun náà sì rú. Aládùúgbò wa ní gbogbo rẹ̀ ti di oró tó ń fọ́ni lójú, pé èso tútù kì í bá ọtí líle gbé. Àmọ́ ẹni tó tà á fún mi ṣáná sí i lójú mi, ó jó dáadáa, èmi náà sì ti tọ́ ọ wò. Ṣé kí n da gbogbo rẹ̀ nù ni, mà?"

Àbúrò mi, o kú ìpalẹ̀mọ́ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Màmá jẹun ọmọ pẹ́. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ, mo rí i pé kì í ṣe owó ògógóró ló ń dùn ọ́ jù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, oṣù tí o fi bomi rin ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹn, àti ẹ̀rù pé o lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣe àlejò ìyá rẹ léṣe. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Aládùúgbò rẹ ṣi ìdí ọ̀ràn náà gbé, ṣùgbọ́n ewu tó ń sọ wà. Ọ̀ràn méjì ló lọ́ mọ́ ara wọn níbẹ̀: èkíní ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èso àti ewé nínú ìgò, èkejì ni irú ọtí tí o rà. A gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù kò sí níbi tí o ń wò.

Kí n sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi ta ẹmu àti ògógóró nítòsí Ọjà Ọba títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́. Èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ fún ọdún 11 ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ohun mímu kan, ó sì ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń rẹ èso ẹ̀yìnkùlé mi sínú ọtí fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ohun tí mo bá sọ nípa ìgò rẹ, inú lẹ́tà rẹ ni mo ti fà á yọ. N kò rí i, n kò sì gbóòórùn rẹ̀.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè ṣe ọ́ léṣe lónìí olónìí. Kí o tó ka ìyókù, gbé ìgò náà síta gbangba, da aṣọ ìnura tó nípọn bò ó, gbójú kúrò lórí rẹ̀, kí o wá rọra tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún kan, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ tí ilé mi kún fún àlejò, irú ìgò bẹ́ẹ̀ bẹ́ gbàmù nílé ìdáná mi láàárín òru. Orí ló yọ wá tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń ṣa àfọ́kù gíláàsì lábẹ́ àpótí.

Ohun tó ń hó yẹn kì í ṣe oró. Ìwúkàrà ni, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Ó máa ń wà lára èèpo èso láti oko, bó o ti wù kí o fọ̀ ọ́ tó, díẹ̀ á ṣẹ́kù. Ṣúgà ló ń jẹ, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí àti atẹ́gùn. Òun kan náà ló ń mú kí ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ti máa hó kó tó di ọ̀sán, tí ẹlẹ́mu kì í fi í dé ẹnu akèǹgbè rẹ̀ pa. Kò sí ẹni tó máa sá fún ẹmu nítorí pé ó hó. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, báwo ni ìwúkàrà ṣe rí ààyè gbé nínú ọtí líle? Ọtí líle máa ń pa á. Tí ògidì ọtí inú nǹkan bá ti tó 15 sí 18 nínú 100, èyí tó lágbára jù nínú ìwúkàrà pàápàá á dákẹ́. Bí tìrẹ ṣe ń hó, ó ti jẹ́rìí pé ohun tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe ọtí líle mọ́.

Omi ló fà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń rẹ èso tútù kì í kà kún nìyẹn, torí pé wọn ò fojú rí omi náà nígbà tí wọ́n ń gé èso sínú ìgò. Nínú gíráàmù 100 ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nǹkan bíi 86 jẹ́ omi. Kílò méjì tí o gé yẹn, omi tó lé ní lítà kan àti àbọ̀ ni o bù lu ọtí rẹ. Jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ògógóró náà tó 40%, bíi jínì tó dára. Ìgò 75cl á ní ògidì ọtí 30cl nínú. Tí omi èso bá ti jáde tán, gbogbo ohun tó wà nínú ìgò á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà méjì àti àbọ̀, 30cl yẹn á sì ti di nǹkan bíi 12%. Bí ògógóró náà bá jẹ́ 30%, bí èyí tí wọ́n ti fomi là lọ́jà ṣe lè rí, ó ti wálẹ̀ sí 9%. O rò pé ìwúkàrà lo fẹ́ pa, ibùsùn lo tẹ́ fún un. Ife ṣúgà tí o fi kún un ni oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, ooru Òṣogbo sì bá a dáná.

Nígbà mìíràn, má jẹ́ kí èso olómi ju gíráàmù 500 lọ sí lítà kan ọtí tó tó 40%. Tí o bá ṣírò ìyẹn, á dúró sí nǹkan bíi 28%, kò sì sí ìwúkàrà tó lè gbórí níbẹ̀. Ìlà tí èmi kì í kọjá ni 20%: ohun tó bá ti wálẹ̀ ju ìyẹn lọ, inú fíríìjì ló yẹ kó máa gbé, ìwọ náà sì mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná wa ṣe rí. Ẹran èso tó bá léfòó kọjá ojú ọtí náà á hu nǹkan funfun bí òwú, bí ọtí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ le. Nítorí náà, kún ìgò dé ọrùn, tàbí kí o fi àwo kékeré tó mọ́ tẹ èso náà rì. Bí o bá fẹ́ kí adùn rẹ̀ pọ̀ sí i, má fi èso kún un. Gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà pẹlẹbẹ, kí o sá a sóòrùn lábẹ́ àwọ̀n fún ọjọ́ kan kí omi rẹ̀ fà, nígbà náà ni kí o tó rẹ ẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn láti máa ṣe èyí, torí pé láàárín ọ̀sán kan ó ti fún. Ṣúgà sì ń dúró de ìgbà tí o bá sẹ́ ẹ tán.

Ti efinrin kò fún mi ní wàhálà kankan. Efinrin kò bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ló ṣí. Bí ọtí bá ti wọ inú ewé tútù, omi kíkan inú ewé náà fúnra rẹ̀ ló máa ń ba àwọ̀ ewéko rẹ̀ jẹ́, ibi tí o bá sì ti já a tàbí tí o fọwọ́ ra á á dúdú bí ojú iṣu tí a gé sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tún ń dá kún un. Tí o bá fẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀, ki ewé náà bọ omi híhó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, yọ ọ́ kíá sínú omi tútù, fi aṣọ tó mọ́ gbẹ omi ara rẹ̀ dáadáa, kí o tó rẹ ẹ́, kí o sì gbé ìgò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọ̀ yẹn á pẹ́ díẹ̀ sí i, kò ní í wà títí láé. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lónírúurú ọ̀nà, kò tíì sí èyí tó bá mi gbé e kọjá oṣù kan.

Àṣìṣe tó wà nínú ti efinrin ni iye ọjọ́. Òórùn efinrin wà nínú òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú ewé, ọtí sì máa ń fà á jáde kíákíá. Lára irú efinrin kan, òróró náà bá ti kànáfùrù tan. Láàárín wákàtí 24 sí 48, ohun tó dára nínú rẹ̀ ti jáde. Ohun tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìyẹn ni ìkorò ewé àti adùn koríko gbígbẹ, ọjọ́ mẹ́fà tí o fi í sílẹ̀ ni kò sì jẹ́ kó yàtọ̀ sí àgbo. Ẹ̀kúnwọ́ kan ewé tó fi ìgò 75cl kan, ewé tí kò tíì yọ òdòdó ni kí o já. Koríko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, le díẹ̀ ju efinrin lọ, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Ata wẹ́wẹ́ ni kí o má fojú kúrò lára rẹ̀: méjì péré nínú ìgò kan, tọ́ ọ wò lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, torí pé tí ó bá ti ta jù, kò sí ohun tó lè dá a padà.

Ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ korò nítorí pé odidi rẹ̀ lo gé sínú ọtí, àbí mo parọ́? Èèpo aláwọ̀ ewé tó wà lóde pátápátá nìkan ni òórùn rẹ̀ wà. Funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti kóró inú rẹ̀ ló ní ìkorò, ọtí kì í sì í yan ohun tó ń fà jáde. Fi ọ̀bẹ mímú fá èèpo òde yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí tí wàá fi máa rí ọ̀bẹ gba inú rẹ̀. Èèpo mẹ́fà sí ìgò kan, ọjọ́ márùn-ún, kí o sẹ́ ẹ. Omi ọsàn náà, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mu ún ni kí o tó fún un sí i, torí pé omi ọsàn tó bá pẹ́ nínú ọtí á korò bákan náà. Ẹlòmíràn á sọ fún ọ pé kí o fi ṣúgà bo ìkorò mọ́lẹ̀. Iyọ̀ bíńtín máa ń ṣiṣẹ́ ju ṣúgà lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí tó bá ti korò bí ewúro, n kò tíì mọ ohun tó ń wò ó sàn.

Atalẹ̀ tó rú kì í ṣe ìṣòro. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ni, irú èyí tó máa ń sùn sísàlẹ̀ omi ògì. Jẹ́ kí ìgò náà jókòó ọjọ́ méjì, rọra da ojú rẹ̀ gba inú asẹ́ tí o tẹ́ aṣọ funfun sí, kí o fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọtí tó ti mọ́ gaara bá tún funfun nígbà tí o bá bu omi sí i, má bẹ̀rù. Òróró inú èèpo tàbí atalẹ̀ ló yà kúrò lára ọtí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ojú fífọ́. Oró tí aládùúgbò rẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ń jẹ́ methanol. Ìbejì ethanol ni, ìyẹn ọtí tí à ń mu: bákan náà ni wọ́n rí lójú, òórùn wọn sì sún mọ́ra. Ethanol ló ń mú ká mu ọtí yó. Methanol, tó bá ti wọ ara, ara á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ iṣan ojú. Nǹkan bíi mìlílítà 10 ògidì rẹ̀, tí kò kún ṣíbí ìjẹun, lè fọ́ni lójú. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọ́n á dákú, ọ̀pọ̀ wọn sì kú láàárín ọjọ́ kan. Ó lé ní ènìyàn 15 tó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, kí wọ́n tó wá tọpa rẹ̀ dé methanol inú ògógóró. Láàárín oṣù díẹ̀ sí i, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Èso rẹ kọ́ ló mú oró yẹn wá. Lóòótọ́, èso tútù máa ń tú methanol bíńtín sílẹ̀ bí ó bá ń rọ̀ tàbí bí ó bá ń hó, bíńtín náà sì wà nínú omi èso tí à ń fún ọmọdé mu. Kì í pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń pani máa ń gba ibòmíràn wọlé. Nígbà tí wọ́n bá ń sè ọtí, methanol máa ń hó ní nǹkan bíi ìwọ̀n ooru 65, ethanol ní 78, nítorí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń da àkọ́yọ rẹ̀ nù. Àmọ́ ìyẹn nìkan kì í kó o kúrò tán bí ohun tó wà nínú ìkòkò bá ti ní in púpọ̀. Èyí tó burú jù ni ti oníṣòwò tó da methanol ilé iṣẹ́, irú èyí tó ń wà nínú ohun tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà, mọ́ ọtí kó lè pọ̀, kó sì tún ta lọ́fun. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ kí kẹ́ẹ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá rẹ efinrin sínú rẹ̀, bí o kò rẹ ẹ́, oró wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó ṣáná sí i lójú rẹ lè má ní èrò ibi kankan. Bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ń ṣe é ni. Ìyá mi pàápàá ń ṣe é. Ohun tí iná yẹn ń sọ ni pé omi inú ọtí náà kò pọ̀ jù. Methanol ń jó, ethanol ń jó, àwọ̀ búlúù ni iná àwọn méjèèjì, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nínú àdàlù. Àwọn kan máa ń mi ìgò láti wo ìfóòfó rẹ̀. Ìyẹn náà, agbára ọtí nìkan ló ń fi hàn, kò sì ṣe é gbára lé. Ohun ìwọ̀n onígíláàsì tí wọ́n ń sọ sínú ọtí ń sọ iye ìdá rẹ̀, bí ṣúgà kò bá sí nínú rẹ̀, àmọ́ kò mọ èwo ni ethanol, èwo ni methanol. Yàrá àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́, owó rẹ̀ sì máa ju owó kẹ́ẹ̀gì rẹ lọ. Ní ti ìtọ́wò rẹ, oró náà máa ń pẹ́ kó tó fara hàn, wákàtí 12 sí 24, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọtí gidi bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí o tọ́ ọ wò, tí nǹkan kan kò ṣe ọ́, ọkàn rẹ lè balẹ̀ lórí ara tìrẹ. Ìyẹn kò sọ ohun tí ife mẹ́ta máa ṣe fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá sì ti mu nínú rẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, tàbí tó ní òun ń ríran bí ẹni tó wà nínú ìkùukùu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ògógóró ló mu. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, tí a bá tètè dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé kí o dà á nù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan ti atalẹ̀ tí ó dùn. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣe irú wàhálà yìí. Ká ní inú ọtí tí a mọ orírun rẹ̀ ni o rẹ wọ́n sí, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mà á ní kí o sẹ́ ti atalẹ̀ àti efinrin, kí o gbé ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú fíríìjì kí ẹ mu ún tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni mu ẹmu, tàbí kí o fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ kó di fínígà. Ṣùgbọ́n o kò mọ ẹni tó sè ògógóró yẹn, ẹni tó tà á fún ọ lè má mọ̀ ọ́n. Bóyá ni nǹkan kan ṣe é. Bóyá yẹn ni mi ò lè fi gba àlejò ẹni 70 ọdún. Má sì fún àwọn tó máa bá yín to àga mu, kí o má ní wọ́n á mu ún náà ni. Dà á sí gọ́tà, jìnnà sí iná, kí o da omi tó pọ̀ tẹ̀ lé e.

N kì í ṣe ọ̀tá ògógóró o. Ẹnì kan wà tí mo ń ra tirẹ̀ láti ọdún pípẹ́, mo ti dúró ti ìkòkò rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń mu ohun tó ń tà. Síbẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí mo bá bù fún. Fún àríyá tí àwọn tí o kò mọ̀ máa wá, ra ọtí inú ìgò tí wọ́n dí pa, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ní ṣọ́ọ̀bù tí o mọ̀, torí pé ayédèrú wà láàárín ìyẹn náà. Ka ara ìgò: kì í ṣe gbogbo jínì ló tó 40%, bí ó bá ṣe wálẹ̀ ju ìyẹn lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni èso tútù tó lè gbé ṣe máa kéré tó. Fódíkà kò ní adùn tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lò ó fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀. Jínì ní òórùn tirẹ̀, ó sì bá ọsàn wẹ́wẹ́ àti efinrin ṣọ̀rẹ́ dáadáa. Wàá pàdánù adùn èéfín díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú ògógóró, àwọn àgbà kan á sì kíyè sí i.

Àwọn nǹkan kéékèèké díẹ̀ kù. Ọtí kì í fọ oògùn kòkòrò kúrò lára èso, ńṣe ló ń fà á wọ inú ara rẹ̀, nítorí náà bí o bá fín oògùn sí ẹ̀yìnkùlé yẹn láìpẹ́ yìí, má lo ohun tó wà níbẹ̀. Ìgò gíláàsì ni kí o lò, má lo kẹ́ẹ̀gì. Má gbé ọtí kaná kó lè tètè fà: ọtí 40% lè gbaná bí ooru rẹ̀ bá ti kọjá 26, ilé ìdáná wa sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láìtíì tan gáàsì. Bí ẹnì kan bá gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi egbò kan sí i kó lè wo ẹ̀yìn ríro, sọ fún un pé ọtí àríyá lo ń ṣe. Egbò tí a kò wọn, nínú ọtí tí a kò wọn, fún arúgbó tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò ní í bá ọ lọ́wọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣì tó dáadáa. Lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láti wá ọtí, kí o jẹ́ kí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó kù lóko pọ́n dáadáa. Rẹ ẹ́ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sẹ́ ẹ lẹ́yìn ọjọ́ 14, kí o tó wá po ṣúgà mọ́ omi, ife tíì kan sí lítà kan, kí o jẹ́ kó sinmi ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Atalẹ̀ wà nílẹ̀ títí á fi ku ọjọ́ mẹ́wàá: gíráàmù 100 tí o gé wẹ́wẹ́ sí ìgò kan, ọjọ́ mẹ́rin, kí o sẹ́ ẹ, kí o jẹ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ sùn. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ wọlé nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Kọ ọjọ́ tí o rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye ìdá ọtí rẹ̀ sára ìgò, kí ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ padà sí Ìkìrun lálẹ́ mọ ohun tó wà nínú ife rẹ̀. Efinrin, jẹ́ kó wà lóko. Ọjọ́ méjì kí àlejò tó dé, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ni kí o tó lọ já a.